Ẹmu àti Ògùrọ̀ Ilẹ̀ Odigbo: Ẹ Jẹ́ Kí A Mọ Ohun Tí A Ń Mu

Ọ̀rọ̀ tí a mú wá sí iwájú yín lónìí jẹ mọ́ ohun tí ọ̀pọ̀ nínú wa ń fi sí ẹnu, ṣùgbọ́n tí ó jẹ́ pé àwọn díẹ̀ ni ó ń fi ọkàn sí i: ẹmu àti ògùrọ̀ tí ń ti inú igbó Odigbo àti àyíká Ore jáde wá.

Ní ilẹ̀ Faransé, ẹni tí ó bá fẹ́ ra ọtí èso àjàrà kì í béèrè ọtí lásán. Yóò dárúkọ ilẹ̀ tí ó ti wá, ọdún tí a ká èso rẹ̀, àti ilé tí ó ṣe é. Ní ọdún 1855, nígbà tí wọ́n ṣe àfihàn ńlá ní Paris, àwọn oníṣòwò Bordeaux to àwọn ọtí agbègbè wọn lẹ́sẹẹsẹ, láti orí èyí tí ó níye lórí jùlọ wá sí ìsàlẹ̀, ìtò náà sì wà títí di òní olónìí. Ní 1935, ìjọba wọn gbé ìgbìmọ̀ kan kalẹ̀ láti máa ṣọ́ orúkọ ilẹ̀ tí a fi ń pe ọtí, kí alágàbàgebè má baà fi orúkọ ilẹ̀ rere ta ọtí búburú. Nítorí náà ni kò fi sí ẹni tí ó gbọdọ̀ pe ọtí rẹ̀ ní Champagne ní ilẹ̀ náà, bí kò ṣe ẹni tí ọtí rẹ̀ ti agbègbè Champagne wá.

Àwọn ènìyàn wa ní ìlú ńlá mọ àwọn orúkọ wọ̀nyí dáadáa. Bí ìgbéyàwó bá dé, wọn a máa pè wọ́n geerege bí ẹni ń pe orúkọ ọmọ bíbí inú ara rẹ̀. Ṣùgbọ́n bi irú ẹni bẹ́ẹ̀ léèrè pé, ‘Ẹmu tí ẹ rà ní Ore lánàá, igi wo ni ó ti wá? Wákàtí wo ni a gbé e sọ̀ kalẹ̀? Ọwọ́ ta ni ó gbà kọjá?’ Ẹ ó rí i pé èsì kò ní sí lẹ́nu rẹ̀. Ẹmu ṣáà ni ẹmu ń jẹ́ lójú tirẹ̀.

A kò sọ èyí láti fi ẹnikẹ́ni ṣe ẹlẹ́yà. Ohun tí a ń wí ni pé igi, wákàtí, àti ọwọ́, àwọn mẹ́ta wọ̀nyí ni ẹni tí ó bá fẹ́ mọ ọtí agbègbè yìí gbọdọ̀ kọ́kọ́ béèrè. Ẹni tí ó bá mọ̀ wọ́n kò ní fi owó rẹ̀ ra omi ṣúgà. Àti pé, gẹ́gẹ́ bí a ó ti rí i níwájú, kò ní fi owó ara rẹ̀ ra ikú.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ ilẹ̀ náà. Ore ni ibùjókòó Ìjọba Ìbílẹ̀ Odigbo ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó. Ìlú Odigbo fúnra rẹ̀ wà ní ìhà àríwá Ore, lójú ọ̀nà tí ó lọ sí Oǹdó, wọn kò sì jìnnà sí ara wọn. Ní Ore ni ọ̀nà ńlá tí ó ti Èkó àti Ṣàgámù lọ sí Ìbíní ti pàdé ọ̀nà Oǹdó àti ọ̀nà Okitipupa. Nítorí ìkóríta yìí ni ogun fi dé ibẹ̀ ní 1967, nígbà ogun abẹ́lé, tí àwọn ọmọ ogun ìjọba àpapọ̀ dá àwọn ọmọ ogun Biafra dúró níbẹ̀, débi pé ìjà Ore di òwe lẹ́nu àwọn ènìyàn wa bí wọ́n bá fẹ́ ṣe àpèjúwe ohun tí ó le. Ìkóríta yìí kan náà ni ó sì sọ Ore di ọjà, nítorí ohun tí igbó bá mú jáde, ojú ọ̀nà ni yóò gbà dé ọ̀dọ̀ ẹni tí yóò rà á.

Igbó ni ilẹ̀ náà láti ìpilẹ̀ṣẹ̀. Igbó Olúwa, tí ìjọba yà sọ́tọ̀, wà ní agbègbè Odigbo. Òjò ibẹ̀ pọ̀. Kòkó ń ṣe dáadáa níbẹ̀, ọ̀pẹ sì wà káàkiri láàárín oko. Bí ènìyàn bá sì ti ń sọ̀ kalẹ̀ lọ sí ìhà gúsù, sí ilẹ̀ àwọn Ìkálẹ̀ àti àwọn Ìlàjẹ, bẹ́ẹ̀ ni ilẹ̀ ń rẹlẹ̀, tí omi sì ń pọ̀ sí i, títí yóò fi dé etí òkun. Ẹ fi èyí sí ọkàn, nítorí orí gbígbẹ àti rírin ilẹ̀ ni ọ̀rọ̀ igi dúró lé.

Igi méjì ni ó ń fún wa ní ọtí níbẹ̀. Èkínní ni ọ̀pẹ, igi kan náà tí ń fún wa ní epo pupa àti àdín. Orí ilẹ̀ gbígbẹ ni ó ti ń dàgbà, a sì ń pe ọtí rẹ̀ ní ẹmu. Èkejì ni igi ògùrọ̀, tí a ń rí ìko láti ara rẹ̀. Ẹsẹ̀ odò àti inú àbàtà ni ibùgbé tirẹ̀, igi àti ọtí rẹ̀ ni ó sì ń jẹ́ orúkọ kan náà. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ìlú a máa da méjèèjì pọ̀, ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá mọ̀ ọ́n mu kò jẹ́ ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹmu ọ̀pẹ a máa ki, a sì máa tètè le. Ògùrọ̀ a máa fúyẹ́ lẹ́nu, adùn rẹ̀ a sì máa pẹ́ díẹ̀ kí ó tó kan. Ẹ tọ́ ọ wò nígbà tí méjèèjì bá wà ní tútù, ẹ kò ní ṣì wọ́n pè mọ́.

Ìyàtọ̀ mìíràn tún wà, òun ni ó sì yẹ kí ó mú wa ronú. Òdòdó akọ, èyí tí kì í di ẹyìn, ni adẹ́mu ń gé lára ọ̀pẹ. Igi náà kò ní kú. Yóò wà láàyè, yóò sì tún mú òdòdó mìíràn jáde lẹ́yìn ìsinmi. Ògùrọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni igi ògùrọ̀ ń tanná ní ọjọ́ ayé rẹ̀, lẹ́yìn tí ó bá ti lo ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọdún ní kíkó oúnjẹ jọ sí inú. Bí ó bá tanná tán, ó di kíkú. Nígbà tí ó bá kù díẹ̀ kí òdòdó náà yọ ni adẹ́mu yóò gun igi lọ, tí yóò ṣí ọ̀mùnú orí rẹ̀, tí yóò sì máa gba oje tí igi ti kó pamọ́ fún irú-ọmọ rẹ̀. Bí oje bá tán, igi parí. Nítorí náà, ẹni tí ó bá mu ògùrọ̀ ti mu gbogbo iṣẹ́ ọjọ́ ayé igi kan. Bí ẹnìkan kò bá gbin òmíràn, tàbí bí a bá dá gbogbo rẹ̀ láìṣẹ́ díẹ̀ kù fún èso, àbàtà yóò ṣófo ní ojú wa.

Nísinsìnyí, ẹ jẹ́ kí a wá sí ọ̀rọ̀ ọwọ́. Iṣẹ́ adẹ́mu kì í ṣe iṣẹ́ ọ̀lẹ. Òun àti igbà rẹ̀ ni ó jọ ń gun ọ̀pẹ; bí igbà bá já, ìtàn pin. Àárọ̀ àti ìrọ̀lẹ́ ni ó ń gòkè láti fi ọ̀bẹ mímú bẹ́ ojú egbò igi náà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Bí ó bá bẹ́ ẹ jù, igi yóò bàjẹ́. Bí kò bá bẹ́ ẹ tó, ojú egbò yóò dí, oje yóò sì dáwọ́ dúró. Bí akèrègbè rẹ̀ bá dọ̀tí, ẹmu rẹ̀ yóò kan kí ó tó dé ilẹ̀. Ní agbègbè Okitipupa, kì í ṣe ọmọ Yorùbá nìkan ni ó ń ṣe iṣẹ́ ìdí ọ̀pẹ: láti ọjọ́ pípẹ́ ni àwọn ará Urhobo ti ń wá láti ìhà Delta láti máa gbé oko níbẹ̀, tí wọ́n ń kọ ẹyìn, tí wọ́n sì ń fún epo.

Ọmọ Abẹ́òkúta nì, Amos Tutuola, mọ iyì ọwọ́ adẹ́mu. Ìwé rẹ̀ tí wọ́n tẹ̀ ní London ní 1952, The Palm-Wine Drinkard, dá lórí ọ̀mu kan tí adẹ́mu rẹ̀ já lulẹ̀ láti orí ọ̀pẹ, tí ó sì kú. Nígbà tí ó wá ẹlòmíràn tí ẹmu rẹ̀ lè tẹ́ ẹ lọ́rùn títí tí kò rí i, ó dìde, ó di ìlú àwọn òkú láti lọ mú adẹ́mu rẹ̀ padà. Àwọn òyìnbó ka ìtàn náà sí ìyanu. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ní adẹ́mu rere nínú yín mọ̀ pé òtítọ́ wà nínú rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ wákàtí ni ó kù. Oje tí ó kọ́kọ́ kán sí inú akèrègbè kì í pa ènìyàn. Omi dídùn lásán ni. Nínú ìwọ̀n 100 rẹ̀, nǹkan bí 10 sí 12 ni ó jẹ́ ṣúgà. Ṣùgbọ́n àwọn ẹ̀dá tíntìntín tí ojú kò lè rí, ìbátan ìwúkàrà tí a fi ń ṣe búrẹ́dì, ti wà ní ara akèrègbè àti ní ojú egbò igi, wọ́n ń dúró dè é. Lójúkan náà ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ṣúgà náà, wọ́n a sì sọ ọ́ di ọtí àti afẹ́fẹ́. Afẹ́fẹ́ yìí ni ó ń mú kí ẹmu máa hó. Kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, ọtí inú rẹ̀ lè tó 3 sí 5 nínú 100, ìwọ̀n tí kò jìnnà sí ti bíà. Lẹ́yìn èyí ni àwọn kòkòrò mìíràn yóò gba iṣẹ́, tí wọn yóò sì máa sọ ọtí náà di ọtí kíkan. Ọ̀jọ̀gbọ́n Olumbe Bassir ti Yunifásítì Ìbàdàn kọ ìwádìí jáde lórí bí ẹmu ti í kan ní 1962, àwọn mìíràn sì ti tẹ̀ lé e. Ohun tí wọ́n rí nínú ìgò àyẹ̀wò wọn kò tako ohun tí àwọn bàbá wa mọ̀ nípa ahá: ẹmu àárọ̀ yàtọ̀ sí ẹmu ọ̀sán, ẹmu àná kì í sì í ṣe ẹgbẹ́ ẹmu òní.

Nítorí náà, wákàtí tí ènìyàn fẹ́ ni kí ó rà. Ẹni tí ó fẹ́ adùn, kí ó jí lọ sí ọjà. Ẹni tí ó fẹ́ èyí tí ó lágbára, kí ó dúró di ìrọ̀lẹ́, ṣùgbọ́n kí ó mọ ìwọ̀n ara rẹ̀. Ìtàn àwọn baba wa kò ṣàì kìlọ̀: wọ́n ní nígbà tí Olódùmarè rán Ọbàtálá láti dá ilẹ̀ ayé, ẹmu ni ó mu ní ọ̀nà tí oorun fi gbé e lọ, tí iṣẹ́ náà fi bọ́ sí ọwọ́ Odùduwà. Títí di òní ni àwọn olùsin Ọbàtálá kì í mu ẹmu. Bí òrìṣà ńlá kò bá lè gbé e, kí ni kí ọmọ ènìyàn wí?

Báwo ni a ṣe lè mọ ẹmu tòótọ́ ní ọjà? Ẹ wò ó bí ó ti ń hó. Ẹmu tí ó wà láàyè a máa hó fúnra rẹ̀, ìfófòó rẹ̀ a sì máa padà bí a bá fẹ́ ẹ kúrò. Ẹ gbọ́ òórùn rẹ̀. Ẹ tọ́ ọ wò, kí ẹ sì dúró díẹ̀ kí ẹ tó sọ̀rọ̀: adùn ẹmu tòótọ́ a máa rìn pẹ̀lú ìkan díẹ̀, ṣùgbọ́n adùn ṣúgà àtọwọ́dá tí àwọn aláìṣòótọ́ ń pò mọ́ omi a máa lẹ̀ mọ́ ahọ́n, a sì máa fi ìkorò sílẹ̀ ní ẹ̀yìn ọ̀fun. Ẹ wo ìsàlẹ̀ kéègì fún gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀. Bí ẹ bá sì ń gbé e lọ sí Èkó tàbí Ìbíní, ẹ má ṣe dé e pa gbọningbọnin, nítorí afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ lè fọ́ ohun tí ó gbé e.

Àwọn kan yóò wí pé, èéṣe tí a kò fi í sí inú ìgò bí ọtí òyìnbó? A ti fi í sí i. Ní 1865, Louis Pasteur, ọmọ ilẹ̀ Faransé, gba ẹ̀tọ́ lórí ọ̀nà tí ó fi ń mú ọtí èso àjàrà gbóná níwọ̀nba kí ó má baà bàjẹ́. Ọ̀nà yìí kan náà ni àwọn onímọ̀ wa ní ilé ìwádìí iṣẹ́ ọwọ́ ti ìjọba àpapọ̀ ní Oshòdì, tí a dá sílẹ̀ ní 1956, mú lò fún ẹmu inú ìgò. Irú ẹmu bẹ́ẹ̀ lè pẹ́ ní orí àtẹ, ó sì dára fún ẹni tí ó jìnnà sí oko. Ṣùgbọ́n a ti pa àwọn ẹ̀dá tí ń ṣiṣẹ́ nínú rẹ̀. Ó dúró sí ojú kan, kò sì lè sọ ìtàn àárọ̀ àti ìrọ̀lẹ́ mọ́.

Ọ̀rọ̀ kan kù, òun ni ó sì wúwo jù. Ògùrọ̀ tí ó bá ti kan ni wọ́n fi ń ṣe ògógóró. Wọn a sè é nínú àgbá irin, oru rẹ̀ a gba inú páìpù kọjá láàárín omi tútù, níbẹ̀ ni oru náà yóò sì ti di omi padà, tí ọtí inú rẹ̀ lè tó 40 nínú 100 tàbí kí ó jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ní ayé ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, òfin ka sísè rẹ̀ sí ẹ̀ṣẹ̀, nítorí jíìnì tí ọkọ̀ òkun ń kó wá ń san owó bodè fún ìjọba, ògógóró kò sì san kọ́bọ̀. Nígbà tí ọjà wó lulẹ̀ ní gbogbo ayé ní àwọn ọdún 1930, tí owó epo àti ekùrọ́ lọ sílẹ̀, ọ̀pọ̀ ènìyàn ní ìhà gúsù ilẹ̀ wa yíjú sí ìsè ọtí yìí, ọ̀pọ̀ sì ti ìdí rẹ̀ dé ẹ̀wọ̀n. Lójú tiwa, àṣà ìkọ̀kọ̀ ìgbà náà kò tíì tán nínú òwò náà. Ohun tí a ń ṣe ní òkùnkùn, a kì í kọ orúkọ sí i lára. Ẹni tí ó rà á kì í sì í béèrè.

Ní oṣù kẹrin ọdún 2015, a rí èrè àìbéèrè. Ní Òde-Ìrèlè, ní ìhà gúsù Ìpínlẹ̀ Oǹdó kan náà, orí bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ àwọn ènìyàn, ojú wọn ṣókùnkùn, wọ́n dákú, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì kú kí ọjọ́ kejì tó pé. Ó ju ènìyàn 15 lọ tí ó bá a rìn. Àwọn kan ní òrìṣà ni ó bínú. Àwọn mìíràn ní àrùn tuntun ni. Nígbà tí àwọn oníṣègùn ṣe àyẹ̀wò, methanol ni wọ́n bá, ọtí olóró tí a ń lò ní ilé iṣẹ́ ẹ̀rọ, tí kì í ṣe fún mímu. Kò pẹ́ tí irú rẹ̀ tún fi pa ọ̀pọ̀lọpọ̀ ènìyàn ní Ìpínlẹ̀ Rivers, ní oṣù kẹfà ọdún náà sì ni ìjọba kéde òfin tí ó de títa ògógóró.

Ẹ kíyè sí i. Methanol kò ní àwọ̀, òórùn rẹ̀ sì jọ ti ọtí. Bí ó bá wọ inú ara, ara yóò sọ ọ́ di oró tí ń ba iṣan ojú jẹ́. Ẹni tí ó bá mu ọtí tí orí ń fọ́ ọ, tí ojú rẹ̀ sì ń ṣú, kí a má ṣe fi àgbo falẹ̀, kí a má sì ṣe wí pé oorun ni yóò mú un kúrò; ilé ìwòsàn ni kí a gbé e lọ lójú ẹsẹ̀, nítorí ìtọ́jú wà bí a bá tètè dé.

Kì í ṣe igi ògùrọ̀ ni ó pa àwọn ènìyàn náà. Igi náà kò ní irú oró tí ó tó bẹ́ẹ̀ nínú. Àwọn ọwọ́ tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀, tí ọtí náà gbà kọjá, ni kí a bi léèrè. Ẹmu a máa fi ọjọ́ orí rẹ̀ hàn ní ojú àti lẹ́nu. Bí ó bá kan, ahọ́n yóò sọ. Ṣùgbọ́n ògógóró rere àti omi ikú, ojú kan náà ni wọ́n ní. Níbi tí ojú àti ahọ́n kò bá ti lè ṣe ẹlẹ́rìí, orúkọ ẹni tí ó ṣe é nìkan ni ẹlẹ́rìí tí ó kù.

Nítorí náà ni a ṣe bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ yìí láti ilẹ̀ Faransé. Orúkọ ilẹ̀ tí wọ́n ń kọ sí ara ìgò kì í ṣe fún ìgbéraga nìkan. Bí ọtí bá bàjẹ́, a mọ ilé tí a ó kàn. Ẹ̀yin oníṣòwò wa ní Ore, ohun tí a ń bẹ̀ yín fún kò ju agbára yín lọ. Ẹ ní adẹ́mu tí ẹ mọ̀, tí ó sì mọ̀ yín. Ẹ kọ orúkọ abúlé àti ọjọ́ sí ara kéègì yín. Ẹ ya ẹmu sọ́tọ̀ kúrò lára ògùrọ̀, kí ẹ sì pe olúkúlùkù ní orúkọ rẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ní àbàtà, ẹ gbin ògùrọ̀. Ilé ìwádìí ọ̀pẹ tí ó wà nítòsí Ìbíní, tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1939, ní ìmọ̀ nípa igi méjèèjì, kò sì jìnnà sí yín.

Ẹ̀yin tí ẹ ń rà á, ẹ máa béèrè. Kì í ṣe ìwà àìlọ́wọ̀ láti bi ẹlẹ́mu pé, ‘Ẹ jọ̀wọ́, níbo ni èyí ti wá?’ Ẹlẹ́mu olóòótọ́ yóò dáhùn tayọ̀tayọ̀, yóò sì dárúkọ adẹ́mu rẹ̀. Èyí tí ó bá bínú ti dáhùn pẹ̀lú. Àwọn àgbà kò ṣì í wí tí wọ́n fi ní ọ̀nà ọ̀fun, ọ̀nà ọ̀run.